Ta Lẹ Fẹ́ Wọ̀ Lónìí?

"Ta ló ra àgbàdo yẹn?"

Inú ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ Ìbíwùmí ni ohùn náà ti jáde, ohùn obìnrin tó tutù pẹ̀sẹ̀ bíi ti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fún ọmọdé lábẹ́rẹ́. Ìbíwùmí ti bu àgbàdo sísun náà jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó dá ẹnu dúró, ó yíjú sí Ẹniọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìkàwé yunifásítì.

"Má dá a lóhùn," Ẹniọlá wí.

"Bí mi ò bá dá a lóhùn, á pe kóòṣì."

"Ta ló ra àgbàdo yẹn?" Ẹ̀gbà náà tún un béèrè. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Kì í bínú rárá.

"Ẹniọlá ló rà á. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ebi ló sì ń pa mí."

"Ẹniọlá kì í ṣe òbí rẹ. Òfin Ọwọ́ Mímọ́ sọ pé eléré ìdárayá yunifásítì kò gbọdọ̀ gba owó tàbí ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi òbí tó bí i. Jọ̀wọ́, dá àgbàdo náà padà."

Ìbíwùmí na àgbàdo sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹniọlá gbà á, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ láti ibi tí ìyẹn bá a dé.

"Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo rí nínú iṣan tó já nìyí," ó wí, ẹnu rẹ̀ kún. "Kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè oúnjẹ mọ́."

Lọ́dún tó kọjá, Ẹniọlá Ajíbọ́yè ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ẹsẹ̀ Yunifásítì Òkè-Ayùn. Lọ́jọ́ àṣekágbá eré ìyípo méjì, nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já bí okùn kànga tó ti gbó, ó sì ṣubú lulẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n gé ẹ̀gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó bá ẹ̀gbà náà wá. Ní báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò kó lè máa fi san owó ilé-ìwé ara rẹ̀. Ó ń tiro díẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, Ìbíwùmí náà kì í sì í béèrè.

Ẹniọlá ju ṣùkù àgbàdo nù, ó dìde. "Mo ń lọ wọ ara mi. Ṣé wàá sìn mí dé ọ̀hún?"

"O ń lọ wọ kí ni?"

"Ara mi. Ní gbọ̀ngán."

Ìbíwùmí kò tíì wọ gbọ̀ngán náà rí láyé rẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó láti wọ ẹ̀wù tó ń jẹ́ kí ara wọn gbọ́ eré tí ẹ̀gbà ti gbà sílẹ̀ lára eléré. Kóòṣì máa ń sọ fún wọn pé eléré tó bá ń wọ ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni ẹlẹ́ni, bí ọmọdé tó ń sín arọ jẹ títí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà fi wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni àṣekágbá tọdún yìí, ara rẹ̀ kò lélẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbà kò sọ nǹkan kan; òfin kò ní kí eléré má rìn.

Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú gbọ̀ngán náà, àmọ́ òórùn òógùn ló gba ibẹ̀ kan. Àga tò lọ rẹrẹẹrẹ. Lórí àga kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan jókòó nínú ẹ̀wù dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú rẹ̀ dì. Ẹsẹ̀ wọn ń ta fìn-ín fìn-ín bíi ti ajá tó ń lá àlá ọdẹ. Gbogbo wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kúrò lójú kan. Obìnrin olóyún wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó sanra tó fi jẹ́ pé ẹ̀wù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá a mu wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ ọwọ́.

"Ta lẹ fẹ́ wọ̀ lónìí?" Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, kò gbójú sókè.

"Ẹniọlá Ajíbọ́yè," Ẹniọlá dá a lóhùn. "Àṣekágbá ọdún tó kọjá. Ẹ bá mi gé ìparí rẹ̀ kúrò."

"Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa ní kí n gé e. Ìparí yẹn gan-an ni wọ́n ń torí ẹ̀ wá. A ti dín ìrora rẹ̀ kù dáadáa, ẹ má fòyà. Ó kàn máa ń ta yín bí ìgbà tí èèrà bá géni jẹ ni."

"Ẹ gé e, ẹ jọ̀ọ́."

Ó sanwó. Obìnrin náà na ẹ̀wù sí i, kò sì mọ ẹni tí òun ń nà á sí.

Ìbíwùmí fà á lápá. "Kí ló dé tí wàá fi sanwó? Ṣebí ìwọ lo lẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ni tèmi. Eré tí mo fi sá, ti yunifásítì ni." Ẹniọlá fa ẹ̀wù náà dé ọrùn, ó jókòó. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń wù mí kí gìgísẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ bákan náà ni."

Ó di ojú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ sì tú ká bíi ti ẹni tí wọ́n bá gbẹ́rù kalẹ̀ lórí. Ìbíwùmí kò lè máa wò ó mọ́. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì rí bàbá àgbàlagbà kan tó ń bọ́ ẹ̀wù lórí àga kejì, tó ń fi ọwọ́ nu ọrùn.

Bàbá náà wo ojú rẹ̀. Ó wo àwòrán ńlá Ìbíwùmí tó wà lára ògiri, ó tún wò ó.

"Ìwọ nìyí!" ó wí. "Ìwọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ yìí!"

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ kí i, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó yẹ kéèyàn ṣe sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ara rẹ̀. Bàbá ní orúkọ òun ni Ṣówándé, òun ń wa ọkọ̀ ojú irin kí orúnkún òun tó kọṣẹ́. Ó ní ọmọ òun máa ń gbé òun wá síbí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, Ìbíwùmí nìkan ni òun sì máa ń wọ̀.

"Àwọn yòókù a máa sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ìwọ, ó dà bíi pé o ń lọ síbì kan. Nígbà tí o bá dé kọ́nà kejì, o máa ń dá èémí dúró díẹ̀, àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà. Kóòṣì ò mọ̀."

"Èmi mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, ọmọ mi. Eré tí o sá nígbà ọyẹ́ yẹn. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, nǹkan kan ń mì lókè àyà rẹ. Kì í ṣe àárẹ̀. Mo mọ àárẹ̀ rẹ. Mo wọ eré yẹn láìmọye ìgbà kí n lè mọ ohun tó jẹ́. Ìyàwó mi náà wọ̀ ọ́ wò, ó ní ẹkún ni. Mo ní rárá, ẹni tó gbégbá orókè, kí ló fẹ́ máa sunkún sí?"

Lọ́jọ́ yẹn, kò sí omi lójú Ìbíwùmí. Ó ti rí i dájú. Nígbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ, ó rẹ́rìn-ín fún àwọn ayàwòrán.

"Òótọ́ ni ìyàwó yín sọ, sà," ó wí. "Nígbà ọyẹ́ yẹn kan náà ni màmá mi kú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú rẹ̀ tán ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé-ìwé."

Bàbá Ṣówándé ṣí fìlà lórí. "Mi ò mọ̀," ó wí. "Áà, ọmọ mi, mi ò mọ̀ o. Kò yẹ kí wọ́n ti tà á fún mi."

Ìgbà yìí ni omi wá dé ojú Ìbíwùmí, níṣojú gbogbo ènìyàn tí ojú wọn dì. Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú aṣọ ìnujú funfun kan jáde, ó nà án sí i.

"Ta ló ni aṣọ ìnujú yẹn?" ni ẹ̀gbà béèrè.

Àwọn méjèèjì wo ẹ̀gbà náà. Bàbá rọra ká aṣọ ìnujú náà padà sínú àpò, ìtìjú mú un, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi tó ti fẹ́ jalè. Ìbíwùmí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

*

Orí pápá ni Ìbíwùmí ti bá Kóòṣì Àlàó nírọ̀lẹ́, tí ìyẹn ń tẹ ilẹ̀ ojú ọ̀nà ìsáré wò bí ẹni tó ń wo iṣu tó se. Ọkùnrin gígùn ni, irun rẹ̀ ti funfun, òun ló sì rí Ìbíwùmí nílé-ìwé girama tó mú un wá sí Òkè-Ayùn.

"O ti lọ sí gbọ̀ngán," ó wí, kí Ìbíwùmí tó sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀gbà ló sọ fún yín?"

"Ojú rẹ ló sọ fún mi."

Ìbíwùmí jókòó sórí koríko. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ó fẹ́ mọ̀ ni. "Sà, níbo ni owó yẹn ń lọ?"

"Èwo?"

"Tàwọn tó ń wọ̀ mí."

Kóòṣì tọ́ka sí ẹ̀yìn pápá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn lórí omi adágún tí àwọn ọmọ olúwẹ̀ẹ́ ti ń lúwẹ̀ẹ́. "Síbẹ̀. Sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ. Sọ́dọ̀ àwọn tó ń ju ọ̀kọ̀. Ṣé o ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ wọ ẹni tó ń ju ọ̀kọ̀ rí? Bí kò bá sí tìrẹ, wọ́n á ti kó ẹrù wọn lọ sílé."

"Kí ló wá dé tí èmi ò lè gba àgbàdo?"

Kóòṣì jókòó tì í, orúnkún rẹ̀ ró pàà. "Wò mí dáadáa. Kí òfin yìí tó dé, mo wà ní ọjọ́ orí rẹ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu rà mí kí n tó mọ ọ̀nà kíláàsì. Mo ní mọ́tò méjì. Mi ò ní ìwé ẹyọ kan. Wọ́n á ní kí n sá lónìí, mo máa sá. Kí n sá lọ́la, pẹ̀lú ibà lára, mo máa sá. Lọ́jọ́ tí ìbàdí mi yẹ̀, wọn ò gbé ìpè mi mọ́. Gbogbo àwa mọ́kànlá tí wọ́n jọ rà ló ń sọ pé a ti rọ́wọ́ mú. Èmi nìkan ló padà sí yunifásítì. Àwa la rìn káàkiri tí a bẹ ìjọba pé kí wọ́n ṣe òfin yìí, kí wọ́n má bàa tún máa ra ọmọdé bí ẹni ra ẹran."

Ìbíwùmí fa koríko kan tu. Kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ro ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì.

"Wọ́n rà yín, ẹ sì gbowó," ó wí níkẹyìn. "Èmi ńkọ́, sà? Ta ló rà mí?"

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Mi ò sọ pé owó ni mo ń fẹ́ o. Bóyá mo fẹ́ ẹ, mi ò tíì mọ̀. Àmọ́ bàbá kan wọ ọ̀fọ̀ màmá mi. Èèyàn dáadáa ni. Kò tiẹ̀ mọ ohun tó wọ̀. Ta ló fún wọn láyè pé kí wọ́n ta ìyẹn?"

"Ìwọ ni," Kóòṣì wí jẹ́jẹ́.

"Èmi?"

"Lórí ìlà, kí agogo tó dún. Kí ni ẹ̀gbà máa ń bi ẹ́?"

Ìbíwùmí ronú. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ ọ tí kò gbọ́ ọ mọ́, bí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà kì í ti í gbọ́ ariwo ọkọ̀. "Ó máa ń ní, 'Ṣé o gbà kí a bá ọ sáré?' Èmi á ní, 'Mo gbà.' Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí àmín."

"Ó wà nínú òfin. Àwa la ní kí wọ́n fi sí i, nítorí ohun tí ojú wa rí. Ìbéèrè gidi ni."

"Bí ènìyàn ò bá wá dáhùn ńkọ́?"

Kóòṣì wo ojú ọ̀nà ìsáré títí. "Wàá sáré. Òfin ò ní kí eré dúró. Àwọn ẹ̀wù ni kò ní gbọ́ nǹkan kan." Ó gbé ara dìde pẹ̀lú ìnira. "Wọ́n sì lè gé ẹ̀gbà rẹ. Ìyẹn náà wà nínú òfin: ọwọ́ ìgbìmọ̀ ló kù sí. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Lọ sùn."

*

Lọ́jọ́ kejì, pápá kún dẹ́nu. Oòrùn ọ̀sán ń ran bí iná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò wọ ẹ̀wù dúdú láàárín èrò náà, kó lè wọ eléré tó yàn bí ìyẹn ti ń sáré lọ́wọ́. Wọ́n dà bí agbo ẹyẹ igún tó bà sórí àkìtàn. Ṣíjúadé, ọmọbìnrin kan láti yunifásítì etí òkun, ló wà ní ojú ìlà tó tẹ̀ lé ti Ìbíwùmí. Òun nìkan ni wọ́n ní ó lè bá a du ipò kìíní.

Ẹ̀gbà àwọn obìnrin mẹ́jọ tó wà lórí ìlà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣé o gbà kí a bá ọ sáré?"

"Mo gbà." "Mo gbà." Ó lọ láti ojú ìlà dé ojú ìlà bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Ìbíwùmí ṣí ẹnu. Ó rí Bàbá Ṣówándé lọ́kàn rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti kọṣẹ́ nà síwájú, ó ń dúró kí wọ́n wá gbé e lọ síbì kan. Àánú ṣe é. Ó rí Ẹniọlá tó di ojú. Ó ro ti ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rẹ̀, ó ro ti bàbá rẹ̀ tí kò ní nǹkan kan tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Bó bá ní òun gbà, irọ́ ni. Bó bá ní òun kò gbà, ìyẹn náà kò jọ òtítọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé o gbà kí a bá ọ sáré?" Ẹ̀gbà tún béèrè.

Ó pa ẹnu mọ́. Agogo dún.

Nígbà gbogbo, bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan máa ń móoru lábẹ́ ẹ̀gbà náà, ó sì máa ń dà bíi pé ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lẹ́yìn ojú òun. Ó ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi rò pé bí eré sísá ti rí nìyẹn. Lónìí, ẹ̀gbà tutù bí irin lásán. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ara rẹ̀ àfi òun. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ní kọ́nà kejì, ó dá èémí dúró díẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Láàárín èrò, àwọn tó yàn án ń fa ọrùn ẹ̀wù wọn, wọ́n ń gbá a lọ́wọ́, wọ́n rò pé ó bàjẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan bọ́ tirẹ̀ dé ìbàdí, ó sì dìde dúró láti fi ojú lásán wo eré. Ẹlòmíràn dìde. Ìbíwùmí rí wọn, ó sì gbórí sókè láti wò wọ́n, ohun tí eléré kì í ṣe. Ìwọ̀nba èjìká ni Ṣíjúadé fi ṣáájú rẹ̀ dé òpin.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù ti Ìgbìmọ̀ Ọwọ́ Mímọ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó lè mí dáadáa.

"Ṣé ẹ̀gbà rẹ bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, mà," Ìbíwùmí wí, ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. "Ó bi mí ní nǹkan ni. Mo ṣì ń rò ó."

Obìnrin náà wò ó bíi pé ó sọ èdè tí òun kò gbọ́. "Ìgbìmọ̀ máa jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ lọ́jọ́ Ajé," ó wí. "Ṣé o mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Nígbà tí obìnrin náà lọ, Ṣíjúadé dé, omi ń kán tótó lára rẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín bí ẹni tó borí. Ó ń wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣàì dáhùn," ó wí.

"Èmi náà ò mọ̀, àfi lánàá."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dákẹ́," Ìbíwùmí wí. "Inú mi dákẹ́."

Ní òdì kejì pápá, àwọn ọkùnrin ti tò sórí ìlà fún eré tiwọn. Kóòṣì Àlàó dúró sẹ́yìn wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Ìbíwùmí gbọ́ tí ẹ̀gbà mẹ́jọ béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn pẹ̀sẹ̀ yẹn, ó là kedere dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Mo gbà," ni ẹni àkọ́kọ́ wí.

Ẹni kejì gbójú sókè, ó wo òdì kejì pápá níbi tí Ìbíwùmí dúró sí. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbà rẹ̀ tún un béèrè. Ẹni kẹta yíjú sí i, ó wo ẹnu rẹ̀ tó pa dé, ó sì pa tirẹ̀ náà dé.